Ìwọ̀n Ẹrù Ni Ìwọ̀n Agbára: Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Oníkoríko Ouagadougou

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń yan katakata tó bá oko mu, kó kọ́kọ́ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, láti Saaba tàbí láti Pabré ní Oṣù Kẹwàá. Òjò ti ń dá nígbà náà. Àwọn kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà ń wọ ìlú, koríko tó wà lórí wọn ga ju èèyàn lọ, síbẹ̀ ẹrù náà kì í mì. Kò sí ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìbéèrè tí olówó tó fẹ́ ra katakata gbọ́dọ̀ dáhùn ni àwọn oníkoríko, ìyẹn àwọn tó ń gé koríko tà fún ẹran, ti dáhùn kí kẹ̀kẹ́ tó kúrò lóko. Báwo ni ẹrù ṣe wúwo tó? Ilẹ̀ wo ló máa gbà kọjá? Báwo ni ibi tó ń lọ ṣe jìnnà tó? Kí ló lè gbé e débẹ̀ láìfarapa?

Mo fẹ́ kí a wo iṣẹ́ yìí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé agbára ni olórí nǹkan nínú iṣẹ́ koríko. Bí a bá wo ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, a ó rí i pé ìwọ̀n ló ṣáájú, agbára ló tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ẹran. Ní àyíká Ouagadougou, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún tàbí Oṣù Kẹfà, ó sì máa ń dáwọ́ dúró kí Oṣù Kẹwàá tó parí. Láti ìgbà náà títí òjò mìíràn á fi dé, koríko tútù kò sí mọ́, iná ìgbẹ́ a sì máa jó èyí tó gbẹ. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní òṣùwọ̀n kan: màlúù tó tó 250 kìlógírámù ń jẹ nǹkan bíi kìlógírámù 6.25 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Bí ẹ bá fi ìyẹn kọ́ 240 ọjọ́, ìyẹn oṣù mẹ́jọ tí ilẹ̀ fi gbẹ, ó di 1,500 kìlógírámù fún màlúù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní mẹ́wàá yóò wá tọ́ọ̀nù 15, bí wọn kò bá rí nǹkan mìíràn jẹ. Ẹ fi ẹgbàágbèje àgùntàn Iléyá tó ń wọ ìlú kún un, ẹ fi ọjà ẹran Tanghin àti àwọn tó ń sin màlúù fún wàrà ní ẹ̀yìn odi ìlú kún un. Ìlú kan wà tó ń jẹ koríko nínú ìlú yìí, ọwọ́ àwọn oníkoríko ló sì wà.

Iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mímọ ọjọ́ tí wọ́n máa gé e. Koríko gíga bíi gámbà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Andropogon gayanus, máa ń dára jù lọ fún ẹran nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó. Lẹ́yìn ìyẹn, igi rẹ̀ á le, oúnjẹ inú ewé rẹ̀ á sì máa dín kù lójoojúmọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àkókò tó dára jù láti gé e yìí ṣì jẹ́ àkókò òjò. Bí o bá tètè gé e, òjò lè pa á lórí ilẹ̀ kó sì bu. Bí o bá pẹ́, igi lásán lo máa kó wálé. Ẹni tó mọṣẹ́ ń wo ojú ọ̀run, ó ń wo orí koríko, ó sì ń fi ìka fọ́ igi rẹ̀. Láàárín ìparí Oṣù Kẹsàn-án àti àárín Oṣù Kẹwàá, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yìí, ẹ má gbàgbé rẹ̀, nítorí òun ló máa sọ fún wa lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn bí katakata ṣe yẹ kó tóbi tó.

Dòjé ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń dì í mú kó lọ sílẹ̀, ọwọ́ òsì á kó koríko jọ, ọwọ́ ọ̀tún á fà á wá sọ́dọ̀ ara. Wọn kì í gé e mọ́ ilẹ̀ pátápátá. Wọ́n ń fi kùkùté díẹ̀ sílẹ̀ kí gbòǹgbò lè yè, kí iyẹ̀pẹ̀ má sì bá koríko lọ sẹ́nu ẹran. Èyí tí wọ́n gé á wà lórí ilẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á yí i padà, wọ́n á sì kó o sí abẹ́ òjìji kó tó di pé oòrùn gba àwọ̀ ewé lára rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: wọ́n á mú ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á lọ́ ọ. Bí omi bá yọ tàbí tó bá lọ́ láìdún, kò tíì gbẹ. Bí ó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ jù. Ohun tí wọ́n ń wá wà láàárín méjèèjì. Àwọn onímọ̀ máa sọ pé kí omi inú rẹ̀ má ju 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kí a tó dì í, torí ìdì tó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ á gbóná nínú, á sì bu. Ọwọ́ oníkoríko ti mọ ìyẹn.

Ìtàkùn ẹ̀pà àti ìtàkùn ẹ̀wà, tí ẹran tún ń jẹ, ní ọgbọ́n tiwọn. Ewé wọn ló ní oúnjẹ jù, ewé náà ló sì ń tètè já bí oòrùn bá mú un. Nítorí náà, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ń kó o, nígbà tí ìrì ṣì mú un rọ̀. Ẹni tó bá kó o ní ọ̀sán, igi ló máa tà lọ́jà, ewé ti kù sóko. Poroporo ọkà bàbà kò ní ìṣòro yìí ní tirẹ̀. Ó lè dúró lórí àtíbàbà fún oṣù bíi mélòó kan kó sì ṣì wúlò.

Lẹ́yìn náà ni dídì. Àwọn kan ń fi okùn di koríko lásán. Àwọn mìíràn ń lo àpótí onígi tí kò ní ìdérí, ọgbọ́n kan tí àwọn olùkọ́ni nípa ẹran ọ̀sìn ti ń kọ́ àgbẹ̀ káàkiri agbègbè yìí tipẹ́tipẹ́. Wọ́n á tẹ́ okùn méjì sí ìsàlẹ̀ àpótí kí orí wọn yọ síta, wọ́n á kó koríko sínú rẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì so okùn. Ìdì tó bá jáde ń tó kìlógírámù 10 sí 15. Ẹ wo bí èyí ti gbọ́n tó. Àpótí náà ń sọ gbogbo ìdì di ọ̀kan náà, ẹni tó bá ka ìdì ti wọn ẹrù. Kò nílò òṣùwọ̀n kankan. Ìdì 30 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 jẹ́ 360 kìlógírámù, ìṣirò ti parí kí ẹnikẹ́ni tó gbé e.

Ibi tí ojú mi kì í kúrò ni bí wọ́n ṣe ń to ẹrù. Kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ pẹpẹ lórí táyà méjì, pẹ̀lú ọ̀pá méjì níwájú tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń dúró sáàárín wọn. A máa ń ka ẹrù rẹ̀ sí nǹkan bíi 500 kìlógírámù fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, àti tọ́ọ̀nù kan fún kẹ̀kẹ́ tí màlúù méjì ń fà. Àmọ́ koríko kì í tètè wúwo, ó máa ń tètè ga. Kó tó di pé ó pé 500, ó ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Atẹ́gùn lè gbá a, kòtò kékeré kan sì lè dà á nù. Nítorí náà, ìdì tó wúwo jù ni wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀, ní ìbú. Wọ́n á to èyí tó tẹ̀ lé e ní òró kó lè di ti ìsàlẹ̀ mú. Wọ́n á tún to ti orí rẹ̀ ní ìbú. Bí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á fi rọ́bà tí wọ́n gé lára rọ́bà inú táyà àtijọ́ dè é, torí rọ́bà máa ń fà mọ́ ẹrù bí ẹrù bá ń rọ̀ lọ́nà, okùn lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò ìkẹyìn ló fi ọ̀gá hàn. Kó tó so ẹranko, á fi ọwọ́ kan gbé orí ọ̀pá kẹ̀kẹ́. Bí ọ̀pá bá fúnra rẹ̀ gbéra sókè, ẹrù ti pọ̀ jù sẹ́yìn. Ó máa fi okùn ikùn gbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kúrò nílẹ̀ níbi gegele. Bí kò bá ṣe é gbé, ẹrù ti pọ̀ jù síwájú. Ẹ̀yìn ẹranko á bó kó tó di ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó tọ́ ni kí ọ̀pá gbéra pẹ̀lú ọwọ́ kan, kó sì rọra padà sílẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀. Bí obìnrin ọlọ́jà ṣe ń tún igbá ṣe lórí òṣùká kó tó gbẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá yìí ń ti ìdì méjì síwájú, tó ń fa ọ̀kan sẹ́yìn, títí ẹrù á fi jókòó sórí irin tó so táyà méjèèjì pọ̀.

Ó kù kó yan ọ̀nà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ilẹ̀ yìí kò tóbi. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju 150 kìlógírámù lọ. Ohun tó ń jẹ́ kó lè fa ẹrù tó ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ni pé táyà tó le lórí ilẹ̀ tó le kì í béèrè agbára púpọ̀. Lórí yanrìn, ẹrù kan náà lè béèrè ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin agbára yẹn. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè fi tinútinú gba ọ̀nà tó jìn kó lè yẹra fún odò gbígbẹ oníyanrìn. Bí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn, á já ìdì mẹ́wàá sílẹ̀ kó tó wọ inú rẹ̀, á sì padà wá gbé e. Ẹranko yìí ṣe pàtàkì débi pé ìjọba Burkina Faso fi òfin de kíkó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2016, nígbà tí àwọn oníṣòwò awọ ń rà á lọ sí Éṣíà tí iye owó rẹ̀ sì ń fò sókè. Ó ju mílíọ̀nù kan lọ tó wà ní ilẹ̀ náà, agbára iṣẹ́ tálákà sì ni.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí. Ó yára, ó dára fún ọ̀nà ọ̀dà àti fún ìrìn-àjò tó jìn ju ohun tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè lọ kó sì bọ̀ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba ẹrù gíga, ó sì ń mu epo yálà ẹrù wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ wò ó pé àwọn oníkoríko kò ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nù nítorí rẹ̀. Wọ́n pín iṣẹ́ fún wọn: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti inú oko dé etí ọ̀dà, ẹlẹ́ńjìnnì láti etí ọ̀dà dé ìlú.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni katakata ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù. Ní ọdún 2024, ìjọba Burkina Faso kó katakata 400 jáde fún àwọn àgbẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ iṣẹ́ ìtúlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọn katakata, iṣẹ́ koríko sì ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ká sọ pé ẹnì kan ní màlúù 100 lẹ́bàá Loumbila, nítòsí Ouagadougou. Tọ́ọ̀nù 150 ni ẹran rẹ̀ máa jẹ nínú oṣù mẹ́jọ. Bí hẹ́kítà ilẹ̀ kan bá mú tọ́ọ̀nù méjì koríko wá, hẹ́kítà 75 ló gbọ́dọ̀ gé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí mo ní kí ẹ má gbàgbé. Ẹ̀rọ ìgékoríko tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2.4, tó ń rìn ní kìlómítà mẹ́fà ní wákàtí kan, á gé nǹkan bíi hẹ́kítà kan ní wákàtí bí a bá yọ àkókò ìyípo àti ìdúró. Wákàtí 75 nìyẹn, iṣẹ́ bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ó tó. Ẹni yìí kò nílò ẹ̀rọ tó tóbi ju èyí lọ, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ ń yìn ín.

Ẹ̀rọ tó ń fi abẹ yíyípo gé koríko ní ìwọ̀n yẹn ń béèrè nǹkan bí agbára ẹṣin 40 sí 50, kì í sì í ṣe lára ẹ́ńjìnnì ni a ti ń kà á. Lára irin tó ń yí lẹ́yìn katakata, tó ń gbé agbára fún ẹ̀rọ, ni a ti ń kà á. Agbára tó ń dé ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún ti ẹ́ńjìnnì lọ. Katakata tí wọ́n kọ 50 sí lára, 42 tàbí 43 ló ń fún ẹ̀rọ. Ẹ tún fi ooru Oṣù Kẹwàá àti eruku tó ń dí ihò afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì kún un, ẹ ó sì rí i pé 60 ni ọkàn ọlọ́gbọ́n máa balẹ̀ sí. Àmọ́ bí oko náà bá kún fún kùkùté, òkúta pupa àti òkìtì ọ̀gán, bí ọ̀pọ̀ oko àgbègbè yìí ṣe rí, abẹ yíyípo á máa fọ́. Ẹ̀rọ eléyín tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ayùn máa rọrùn fún un, kò sì nílò ju agbára ẹṣin 25 sí 30 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń falẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń fi ẹsẹ̀ rin oko náà já kó tó yan èyíkéyìí. Á wo bí ẹ̀ka igi òrí àti igi osè ṣe lọ sílẹ̀ tó, torí wọn kì í gé igi òrí nínú oko. Katakata tó ga jù kò ní ráyè kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni gbígbé ìdì. Ìdì róbótó tí ẹ̀rọ ń dì, bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà 1.2, tí gíga rẹ̀ náà jẹ́ 1.2, á wúwo tó nǹkan bíi 200 kìlógírámù. Bí a bá sọ gíga rẹ̀ di 1.5 tí fífẹ̀ kò yí padà, á lé ní 300. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn. Ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan tó kún un. Apá iwájú katakata ló ń gbé e pẹ̀lú ọ̀kọ̀ irin, ìdì náà sì ń jókòó níwájú táyà, kò sún mọ́ ara katakata. Nítorí náà ni katakata kékeré tó ní agbára ẹṣin tó pọ̀ fi lè gbé ẹ̀yìn sókè lójijì. Bí táyà ẹ̀yìn bá fúyẹ́, ibẹ̀ sì ni bíréèkì ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ, kò sí ohun tó máa dá a dúró lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹ rí i pé ọ̀pá kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló tún dé. Ohun tí ọ̀gá náà fi ọwọ́ kan wọ̀n ni awakọ̀ katakata gbọ́dọ̀ wọ̀n pẹ̀lú. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń so ẹrù ìdọ́gba mọ́ ẹ̀yìn katakata kó tó fi ọ̀kọ̀ gún ìdì. Á gbé ìdì náà ní ìwọ̀nba tí kò fi ní kan ilẹ̀, kò ní gbé e sókè kó lè ríran, á sì rọra yí. Ìwúwo katakata fúnra rẹ̀ àti ohun tí apá rẹ̀ lè gbé ló máa ń wò kó tó wo agbára ẹṣin. Fún ìdì tó wúwo tó 200 kìlógírámù, katakata tó tó agbára ẹṣin 40 tó sì wúwo dáadáa lè ṣe é. Fún èyí tó lé ní 300, kó lọ sí 60 sókè. Bó bá ti ní 60 fún ìgékoríko tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ méjèèjì ti bára mu.

Báwo wá ni ẹni tó ní màlúù mẹ́wàá péré? Tọ́ọ̀nù 15 rẹ̀ jẹ́ ẹrù kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bíi 42. Katakata kan lè fa ẹrù kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí tírélà, nítorí ilẹ̀ àárín Burkina tẹ́jú; ṣùgbọ́n ìrìn mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dún kò lè san owó katakata. Dòjé, àpótí onígi àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì ló tọ́ sí i. Bí àwọn mẹ́wàá irú rẹ̀ bá sì kó ara wọn jọ, tí wọ́n dá owó ra katakata kan, tí wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn, nígbà náà ni ẹ̀rọ tó iṣẹ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Mo kọ èyí fún àwọn èèyàn wa ní Òkè-Ògùn pẹ̀lú, ní Ṣakí, Kìṣí àti Ìsẹ́yìn, níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti gùn tí ọ̀rọ̀ koríko sì ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran. Koríko tó ń jó lọ́wọ́ iná lọ́dọọdún níbẹ̀ lè bọ́ ẹran púpọ̀ bí a bá gé e, tí a sá a, tí a dì í ní àkókò rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta katakata. Ẹ kọ́kọ́ ka ẹran yín, ẹ ṣírò oúnjẹ wọn, ẹ rin ilẹ̀ yín já, ẹ pinnu bí ìdì ṣe máa wúwo tó, ẹ ka iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi gé e. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó béèrè iye agbára ẹṣin. Bí ìṣirò yín bá já sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹ ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bó bá já sí katakata, ẹ ra èyí tó wúwo tó, kí ẹ sì so ẹrù ìdọ́gba mọ́ ọn lẹ́yìn.